Dókítà Carlos Finlay, Ẹni tí ó Tú Àṣírí Ẹ̀fọn

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1881, oníṣègùn kan dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní ìlú Havana, ní orílẹ̀-èdè Kúbà. Ẹni ọdún 47 ni. Ọ̀rọ̀ kì í já geere lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé àìsàn kan ti sọ ọ́ di akólòlò láti kékeré. Ó ka ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ fún wọn. Ó ní ibà pọ́njú tí ń pa ènìyàn ní Havana kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ara aṣọ aláìsàn. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó kà á tán, gbogbo ilé dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn, kò sì sí ẹni tí ó gbè é lẹ́yìn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ni ó kọjá kí ayé tó gbà pé òtítọ́ ni ó sọ. Láàárín àkókò náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ibà pọ́njú pa.

Orúkọ oníṣègùn náà ni Carlos Juan Finlay.

Àrùn tí ó bá ọkọ̀ ẹrú kọjá òkun

Ibà pọ́njú, tí àwọn Faransé ń pè ní fièvre jaune, kì í ṣe àrùn kékeré. Ẹni tí ó bá mú yóò kọ́kọ́ ní ara gbígbóná, orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ara ọ̀pọ̀ aláìsàn a balẹ̀, wọn a sì sàn. Ṣùgbọ́n àrùn náà a máa padà kọlu àwọn mìíràn pẹ̀lú agbára. Ẹyinjú wọn àti awọ ara wọn yóò pọ́n, wọn yóò sì máa bì ẹ̀jẹ̀ dúdú. Nínú àwọn tí ó bá le fún dé bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ni ó ń kú.

Àwọn onímọ̀ gbà pé láti Áfíríkà ni àrùn yìí ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú ọkọ̀ tí ń kó ẹrú ni ó bá lọ. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí a máa gbé omi mímu sínú àgbá onígi, inú àgbá náà sì ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Ibà pọ́njú ti ń jà ní Havana láti nǹkan bí ọdún 1649. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá láti etí òkun Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó lọ sí Kúbà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Lukumí.

Ní Havana, àwọn àjèjì ni àrùn náà ń pa jù: ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Sípéènì dé, atukọ̀ àti oníṣòwò. Ẹni tí ó bá ti mú lẹ́ẹ̀kan tí kò sì kú, kì í mú un mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú ti ní in ní kékeré, nítorí náà wọn kì í bẹ̀rù rẹ̀ bí àjèjì ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó ń gbà ràn. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ búburú ni. Àwọn mìíràn ní aṣọ àti ibùsùn aláìsàn ni. Wọ́n ń sun aṣọ, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lójú òkun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, síbẹ̀ ikú kò dáwọ́ dúró.

Ọmọ Kúbà tí ó kàwé lókè òkun

A bí Carlos Finlay ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1833 ní ìlú Puerto Príncipe, tí à ń pè ní Camagüey lónìí. Abẹ́ ìjọba Sípéènì ni Kúbà wà nígbà náà. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì sì ni. Ìran Faransé ni ìyá rẹ̀.

Ní ọdún 1844, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Le Havre, ní ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ tí àìsàn kan tí ń mú ara gbọ̀n fi dá a padà wá sílé. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò tú mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó tún kọjá sí Yúróòpù, ó sì kàwé ní Rouen. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun tún kọlù ú níbẹ̀, ó tún padà sílé ní ọdún 1851. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Havana, wọn kò gba ìwé tí ó ti kà ní Yúróòpù wọlé. Kò jókòó sunkún. Ó lọ sí ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn ní ọdún 1855.

Ní Philadelphia, ó pàdé olùkọ́ kan tí ń jẹ́ John Kearsley Mitchell. Olùkọ́ yìí gbà pé àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò lè rí ni ó ń fa ọ̀pọ̀ ibà. Àwọn tí ó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ kò pọ̀ nígbà náà. Finlay fi ẹ̀kọ́ náà sọ́kàn, ó sì padà sí Havana láti máa tọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 1865 ó fẹ́ Adela Shine, ọmọbìnrin kan láti erékùṣù Trinidad, wọ́n sì bímọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Finlay fi wá ìdí ibà pọ́njú, ọ̀nà tí kò tọ́ ni ó sì kọ́kọ́ tọ̀. Ó rò pé ohun kan wà nínú afẹ́fẹ́ Havana tí ń fa àrùn náà. Ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó fi èrò náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1878, ibà pọ́njú jà ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ìlú Memphis nìkan, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 5,000. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn onímọ̀ lọ sí Havana láti wá ìdí àrùn náà. Ìjọba Kúbà yan Finlay láti bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ náà fi ẹ̀rọ tí ń mú ohun kékeré tóbi wo ara àwọn tí ó kú. Finlay rí i pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àrùn náà ti ń ba nǹkan jẹ́.

Láti ibẹ̀ ni ó ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà wà, kí ni ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kí ó jáde, kí ó sì tún wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn? Afẹ́fẹ́ kò lè ṣe é. Aṣọ kò lè ṣe é. Ohun tí ó ní ẹnu bí abẹ́rẹ́ ni ó lè ṣe é.

Finlay wá bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí ẹ̀fọn. Ó rí i pé oríṣiríṣi ẹ̀fọn ni ó wà ní Havana. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí ó ní ìlà funfun ní ẹsẹ̀ àti ní ara. Kì í gbé inú irà. Inú ilé ni ó ń gbé pẹ̀lú ènìyàn, inú omi tí ènìyàn bá sì pọn pamọ́ ni ó ń yé ẹyin sí. Ojú ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn. Abo rẹ̀ nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ ènìyàn kan lónìí, kí ó tún jẹ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ibi tí òtútù bá pọ̀, ẹ̀fọn yìí kì í sí níbẹ̀. Ibà pọ́njú pẹ̀lú kì í dúró níbi tí òtútù bá pọ̀. Finlay so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀fọn náà ní Aedes aegypti.

Ní oṣù kejì ọdún 1881, ó sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Washington, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹ̀fọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó dárúkọ rẹ̀ ní Havana, tí gbogbo ilé sì dákẹ́.

Ogún ọdún ìfaradà

Finlay mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ó mú ẹ̀fọn, ó jẹ́ kí ó jẹ aláìsàn ibà pọ́njú, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí ó jẹ ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó sì yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Dókítà Claudio Delgado, ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Láàárín ogún ọdún, ó dán an wò lára ènìyàn tí ó lé ní 100. Àwọn díẹ̀ ní ibà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n lòdì sí i ní àwọn díẹ̀ náà lè ti kó àrùn ní ibòmíràn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ọkùnrin ẹlẹ́fọn.

Kí ló dé tí ìdánwò rẹ̀ kò fi yọrí? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀fọn lè gba àrùn náà láti ara aláìsàn. Nígbà tí ó bá sì gbà á tán, kò lè fi ran ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Àrùn náà ní láti pọ̀ sí i nínú ẹ̀fọn fún nǹkan bí ọjọ́ 12. Finlay kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀fọn náà jẹ ẹlòmíràn. Ó ti di olè náà mú, ṣùgbọ́n kò mọ wákàtí tí olè ń jáde.

Ìyà àìgbàgbọ́ náà kò mọ sí orí Finlay nìkan. Ní ọdún 1881 kan náà, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà omi ńlá já ilẹ̀ Panama, kí ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ láti inú òkun kan bọ́ sínú òkun kejì. Ní ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀, wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ibùsùn bọ inú àwo omi kí èèrà má baà gun aláìsàn. Inú àwo omi wọ̀nyẹn gan-an ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Ibà pọ́njú àti ibà lásán pa àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni ń gé koríko. A gbà pé nǹkan bí 22,000 ènìyàn ni ó kú kí iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1889.

Ilé méjì nínú pápá

Ní ọdún 1898, Amẹ́ríkà àti Sípéènì jagun lórí Kúbà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gba erékùṣù náà. Wọ́n gbá Havana mọ́ tónítóní, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni ó ń fa ibà pọ́njú. Síbẹ̀ ní ọdún 1900, àrùn náà tún gbilẹ̀ sí i. Nígbà náà ni ìjọba Amẹ́ríkà rán oníṣègùn mẹ́rin: Walter Reed, James Carroll, Jesse Lazear àti Aristides Agramonte, tí a bí ní Kúbà.

Ohun méjì ni ó mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ Finlay gbé yẹ̀ wò. Èkíní, Ronald Ross ti fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897 àti 1898 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà lásán kiri. Èkejì, Henry Carter, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, ti kíyè sí i pé bí ènìyàn kan bá ní ibà pọ́njú nínú ilé, ó ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn mìíràn tí ó bá wọ ilé náà. Ọjọ́ tí Finlay kò mọ̀ nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1900, àwọn oníṣègùn náà lọ bá Finlay ní ilé rẹ̀. Ó ti di arúgbó ẹni ọdún 66. Kò bá wọn jà pé wọ́n pẹ́. Ó kó ìwé rẹ̀ fún wọn, ó sì fún wọn ní ẹyin ẹ̀fọn. Lazear pa ẹyin náà, ó sì ń tọ́jú ẹ̀fọn tí ó jáde. Ẹ̀fọn kan jẹ Carroll. Ó ṣàìsàn gidigidi, ṣùgbọ́n kò kú. Ẹ̀fọn jẹ Lazear pẹ̀lú, ó sì kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900, ní ẹni ọdún 34.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Reed pàgọ́ sínú pápá kan lẹ́bàá Havana, ó sì fi orúkọ Lazear pè é. Ó kọ́ ilé kéékèèké méjì síbẹ̀. Nínú ilé kìíní, ó kó aṣọ àti ibùsùn àwọn aláìsàn sí i, pẹ̀lú èébì wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta sùn sínú òórùn náà fún ogún òru. Kò sí ọ̀kan tí ó ṣàìsàn nínú wọn. Ilé kejì mọ́ tónítóní. Wọ́n fi àwọ̀n onírin pín in sí méjì, wọ́n sì kó ẹ̀fọn sí apá kan. Ẹni tí ó wọ apá tí ẹ̀fọn wà ní ibà pọ́njú. Àwọn tí ó sùn sí apá kejì kò ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn ará Sípéènì tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní Kúbà ni àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn. A ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún àwọn ará Sípéènì náà, wọ́n sì buwọ́ lùwé kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ parí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún Finlay.

A ṣẹ́gun àrùn láìní oògùn

Kò sí oògùn ibà pọ́njú nígbà náà, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀ ní ọdún 1901, William Gorgas, oníṣègùn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, lé àrùn náà kúrò ní Havana. Kí ni ó ṣe? Ó rán àwọn òṣìṣẹ́ láti ilé dé ilé. Wọ́n ń da omi tí kò wúlò nù. Wọ́n ń bo àgbá omi mímu. Wọ́n ń ta epo àtùpà sí ojú omi tí a kò lè dànù, kí tanwíjí inú rẹ̀ lè kú. Wọ́n ń ta àwọ̀n yí ibi tí aláìsàn bá wà ká, kí ẹ̀fọn má baà jẹ ẹ́. Onílé tí a bá bá tanwíjí nínú omi rẹ̀ yóò san owó ìtanràn.

Ní ọdún 1900, ènìyàn 310 ni ibà pọ́njú pa ní Havana. Ní ọdún 1901, ènìyàn 18 ni. Ní ọdún 1902, kò pa ẹyọ ẹnì kan. Àrùn tí ó ti ń jà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ọdún dáwọ́ dúró láàárín oṣù díẹ̀, nítorí pé a bo omi.

Láti Havana, Gorgas lọ sí Panama ní ọdún 1904, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 1905, ibà pọ́njú ti dáwọ́ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà omi tí ikú dá dúró lọ́wọ́ àwọn Faransé ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 1914.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Nígbà tí Kúbà gba òmìnira ní ọdún 1902, ìjọba fi Finlay ṣe olórí ètò ìlera ilẹ̀ náà. Ó wà ní ipò náà títí di ọdún 1909. Ìjọba Faransé fi oyè Légion d'honneur dá a lọ́lá ní ọdún 1908. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel, Ronald Ross sì wà lára àwọn tí ó dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Walter Reed nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá bí a bá ń sọ̀rọ̀ ibà pọ́njú. Ní òtítọ́, iṣẹ́ méjèèjì ni ó gbé ara wọn ró. Finlay ni ó rí ẹ̀fọn náà, Reed àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, Lazear sì fi ẹ̀mí rẹ̀ sí i.

Carlos Finlay kú ní Havana ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1915. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Kúbà àti ti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká fi ń ṣe ọjọ́ ọdún wọn.

Ní ọdún 1937, Max Theiler ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí a ń lò títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ènìyàn bá gbà á, ó lè dáàbò bò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a máa ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tí Finlay mọ̀ kò tíì kú tán. Ó ń gbé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ bí ó ṣe ń gbé ní Havana. Ó tún ń gbé àwọn àrùn mìíràn kiri tí abẹ́rẹ́ yẹn kò lè dí lọ́nà. Àmù tí a kò bo, táyà tí ó gba omi òjò, agolo tí a jù sí ẹ̀yìnkùlé: ibẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí. Láti inú ẹyin títí tí yóò fi fò, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni. Ilé tí ó bá ń da irú omi bẹ́ẹ̀ nù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ó ń fọ ẹ̀gbẹ́ àmù kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó sì ń fi ọmọrí bo omi mímu, ti gba ọ̀nà mọ́ ẹ̀fọn náà lọ́wọ́. Akólòlò ará Havana ni ó kọ́ ayé ní ọgbọ́n náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́ ọ.